Katapílà Àgbàlá Ọlátúbọ̀sún

Bí àlejò bá béèrè ilé Ọlátúbọ̀sún ní Ìlúpéjú-Èkìtì, wọn kì í júwe ilé fún un, katapílà ni wọ́n ń júwe. Inú àgbàlá ló wà, lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè nígbà kan, ṣùgbọ́n oòrùn àti òjò ti bó o títí ó fi dà bí ẹ̀bà àná. Ó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì fífẹ̀ níwájú tó fi ń kó yẹ̀pẹ̀, ó sì ní apá irin gígùn lẹ́yìn tó fi ń gbẹ́ ilẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ọlátúbọ̀sún fi wa irú rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan tó ń la ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù wọn lọ, wọ́n ta èyí tó ti gbó jù fún un ní ọ̀pọ̀.

Ọdún kejìlá rèé. Kò sí nọ́ọ̀tì kan lára ẹ̀rọ náà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tú rí. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, á dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àbẹ̀ní ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, a máa sọ pé orogún òun ni: kò lè se ọbẹ̀, kò lè gbálẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń gba ìtọ́jú. Ọlátúbọ̀sún á kàn mú sípánà rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ìbàdí rẹ̀ ń dùn ún, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì ní ju ọmọ ìka mẹ́ta lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ló ya òun àti Samson. Ajórin ni Samson, àbúrò rẹ̀ níbi iṣẹ́ ọ̀nà tẹ́lẹ̀, òun nìkan ló sì mọ inú katapílà náà bí Ọlátúbọ̀sún alára ṣe mọ̀ ọ́n. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n jọ wà lábẹ́ apá ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ róbà tí epo ń gbà kọjá. Samson rò pé ẹ̀gbọ́n òun ti jáde, ló bá fa igi tí wọ́n fi gbé apá náà ró yọ. Irin balẹ̀ gbì lórí ẹsẹ̀ òsì Ọlátúbọ̀sún. Samson wá sí ọsibítù, Ọlátúbọ̀sún kọjú sí ògiri. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kan bá jókòó lápá ọ̀tún ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, èkejì á wá ibì kan lápá òsì.

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún yìí, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Omi gbé afárá kékeré tó wà lójú ọ̀nà Ààyè lọ. Kò ju ọjọ́ kejì lọ tí Ọládiípọ̀, alága àwọn àgbẹ̀ Ààyè, fi dé sí àgbàlá lórí ọ̀kadà, tó fi bàtà rẹ̀ há abíyá, tí ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

“Ọkọ̀ ò lè wọlé, ọkọ̀ ò lè jáde,” ló wí. “Iṣu wa ti ń rà lẹ́bàá ọ̀nà. A ti kọ̀wé sí ìjọba, wọ́n ní àwọn á wá wò ó.”

“Ẹ̀rọ mi ò dáa,” ni Ọlátúbọ̀sún dáhùn. “Jáàkì tó ń gbé apá ẹ̀yìn rẹ̀ ń jo epo. Bí mo bá gbé e sókè, á tún máa rọra balẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi alára ò sì dáa. Ẹ má bínú.”

Ọládiípọ̀ kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn mi orí. Bó ṣe fẹ́ gun ọ̀kadà padà ló sọ pé, “Glory, aya ọmọ mi, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lánàá. Ẹ̀yìn ni ọkọ rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n kọjá. Omi mu ún dé àyà. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ó ti bímọ l'Óyè.” Ó lọ.

Ọlátúbọ̀sún jókòó sórí táyà kan títí ẹ̀kọ tí Àbẹ̀ní gbé fún un fi tutù. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú sípánà.

Ọjọ́ méjì ló fi tú jáàkì náà. Ó rí i pé ọ̀pá dídán inú rẹ̀ ti họ, ihò tó jin bí èékánná sì wà lójú kan. Ó fi pépà tí wọ́n fi ń ha irin ha á títí apá rẹ̀ fi kú. Ihò náà kò kúrò. Irú ihò bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n jó irin dí i, kí wọ́n sì rọra ha á kúnná, ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ̀ ọ́n ṣe nítòsí.

“Lọ bá a,” ni Àbẹ̀ní wí.

“Ó rẹ̀ mí.”

“Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́, Bàbá Deborah. Odì yíyàn náà wà lára ohun tó ń rẹ ènìyàn.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ọ̀pá náà sínú àkísà, ó sì rọra tiro lọ sí ṣọ́ọ̀bù Samson lójú ọ̀nà Oyè. Samson dìde kó tó débẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n.”

“Jáàkì ni,” ni Ọlátúbọ̀sún wí.

“Mo mọ̀. Mo ń gbọ́ ìró rẹ̀ bí ẹ bá ń kọjá.” Samson gba ọ̀pá náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú oòrùn. “Ẹ bá ti pè mí.”

“Mo ti wá báyìí.”

Ó jó ihò náà dí, ó sì ha á kúnná. Nígbà tí wọ́n dé àgbàlá, Samson fi igi mẹ́ta gbé apá ẹ̀yìn náà ró dípò ẹyọ kan. Ó mi ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ó sì fi òkúta dí ìdí wọn. Bí Ọlátúbọ̀sún ṣe fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ó fi ọwọ́ dá a dúró.

“Iṣẹ́ mi nìyí. Ẹ jókòó.” Láti abẹ́ irin ni ohùn rẹ̀ ti tún jáde: “Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ ti bọ́ síta lọ́jọ́ yẹn ni.”

“Mo mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀.”

“Kí ló wá dé?”

Ọlátúbọ̀sún wo ilẹ̀. “Mo kọ́kọ́ bínú. Nígbà tí ìbínú lọ, ojú ń tì mí láti sọ pé ó ti lọ.”

Samson na ọwọ́ jáde fún sípánà nọ́ńbà mọ́kàndínlógún, Ọlátúbọ̀sún sì gbé e lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò ní Ààyè. Ọlátúbọ̀sún fi ìrọ̀rí àtijọ́ ti ìbàdí, ó ń fa àwọn ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, apá ẹ̀yìn ń bu ẹrẹ̀, ó ń dà á nù. Àwọn ará ìlú ń ru òkúta, Samson dúró sínú omi, ó ń darí àwọn páìpù kọnkéré sí àyè wọn. Jáàkì kò jo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, yẹ̀pẹ̀ ìkẹyìn bo páìpù mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù àkọ́kọ́ gba orí rẹ̀ kọjá pẹ̀lú iṣu, àwọn ènìyàn hó yè.

Nínú ariwo yẹn ni ẹ̀rọ náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, tó tú èéfín funfun, tó sì kú. Ọlátúbọ̀sún ṣí i wò. Omi ti wọnú epo rẹ̀. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ẹ́ńjìnì ti lọ.

“A lè wá òmíràn,” ni Samson wí.

“Kì í ṣe lónìí.”

Orí ọ̀kadà ló bá dé ilé. Àbẹ̀ní ti gbé omi gbígbóná sílẹ̀, ó bojú wo ìta.

“Katapílà dà?”

“Ó wà ní Ààyè.”

“Ìgbà wo ló ń bọ̀?”

“N ò mọ̀.” Ó sùn títí oòrùn ọjọ́ kejì fi dé àtàrí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Samson wá sọ pé òun ti rí ẹ́ńjìnì kan ní Ìdó, bóyá kí àwọn jọ lọ wò ó. Ọlátúbọ̀sún fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Ìwọ lọ wò ó,” ló wí. “Bó bá dáa, gbé e sí i, kí o sì máa wà á lọ. Èmi ti ṣe tèmi. Kó máa mú oúnjẹ wọlé fún ilé méjèèjì.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un rò.”

“Mo ti rò ó. Jókòó, kí n sọ ìwà rẹ̀ fún ọ. Láàárọ̀, má kánjú mọ́ ọn. Jẹ́ kó kọ́kọ́ gbóná dáadáa, nítorí bí o bá yára gbé apá rẹ̀ sókè, á ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́.”

Samson fa àga mọ́ra, ó sì jókòó.