Ọkọ̀ Tí Jẹ̀lílì Ń Bú

Bí ẹ bá fẹ́ bi Jẹ̀lílì léèrè bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣe sí, ẹ kọ́kọ́ wá ibi jókòó sí. Yóò mí kanlẹ̀ ná. Yóò wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni tó ń wo àlejò tó wá kí i tí kò fẹ́ lọ mọ́, yóò wá ní, "À ń fara dà á náà ni." Lẹ́yìn èyí ni yóò tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ náà ń mu epo bí aláàwẹ̀ ṣe ń mu omi nígbà ìṣínu. Ó ń gbóná. Òun kò mọ ohun tó gbé òun dé ìdí ọkọ̀ elétọ́bò. Ẹni tó bá fẹ́ràn ara rẹ̀, kó yáa máa wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Irọ́ ni. Irọ́ funfun báláú ni gbogbo rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà, aláwọ̀ eérú, onílẹ̀kùn mẹ́rin. Kì í ṣe kékeré, kì í sì í ṣe ràbàtà. Tọ́bò tí wọ́n ń sọ yìí, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ló rí: èéfín tí ẹ́ńjìnnì bá tú síta ló ń yí i, òun náà á wá máa fẹ́ atẹ́gùn padà sínú ẹ́ńjìnnì, iná ibẹ̀ á sì máa ràn sí i. Bí ẹ́ńjìnnì kékeré ṣe ń ṣe iṣẹ́ àgbà nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe tọ́bò ni Jẹ̀lílì kọ́kọ́ wò lọ́jọ́ tó lọ rà á. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé alumíníọ̀mù ni iṣẹ́ rẹ̀, Pápá Àjàó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ẹni tó sì ti fi ilẹ̀kùn jẹun láti kékeré, ilẹ̀kùn ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó ṣí i, ó tì í. Ó tún ṣí i, ó tún tì í. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ilẹ̀kùn náà kì í dún gbàgà. Ó máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ìrọ̀rí lé orí ibùsùn. Jẹ̀lílì kò tíì ṣe irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò ní í ṣe é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí títì bá dá, yóò wa ọkọ̀ náà gun orí afárá Ojúẹlẹ́gba, yóò tẹ iná mọ́ ọn. Tọ́bò á súfèé jẹ́jẹ́, àga á ti ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, Jẹ̀lílì á sì máa dá rẹ́rìn-ín. Tó bá délé, tí Shakirat ìyàwó rẹ̀ bi í níbi tó ti ń bọ̀, á ní òun lọ fẹ́ táyà ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tó ti ń fẹ́ táyà yìí ní ọjọ́ Àìkú gbogbo.

Kí ló wá dé tó ń bú ohun tó fẹ́ràn? Ẹ bi Ọláṣẹ́gun, tí wọ́n jọ ń gbé ní ilé kan náà ní Ìpọ̀nrí. Ọláṣẹ́gun ló yá ọkọ̀ tí Jẹ̀lílì ní tẹ́lẹ̀ lọ sí Ìkòròdú, tó gbé e padà láìsí bọ́ńpà iwájú, tó sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o, ọkọ̀ yín lágbára." Láti ọjọ́ náà ni Jẹ̀lílì ti pinnu pé ọkọ̀ òun kò ní í lágbára mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọláṣẹ́gun ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n náà. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Ìyá náà, Àríkẹ́ tó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í fi ẹnu ara rẹ̀ yin ohun tirẹ̀. Iṣu rẹ̀ ìbáà tó itan àgbàlagbà, á ní kò rí bíi ti èṣí. Bó bá wọ aṣọ tuntun, á ní ó ń ta òun lára. Á ní ojú ayé kò dáa, ohun tó bá dùn mọ́ni, abẹ́ aṣọ ni à ń gbé e sí. Lọ́jọ́ tí Jẹ̀lílì gba ipò kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sáré délé, bàtà lọ́wọ́. Àwọn obìnrin tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ń kí ìyá rẹ̀ kú oríire. Ẹ̀wà ni Ìyá ń ṣà, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìyẹn? À ń fara dà á náà ni."

Jẹ̀lílì kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó gbéyàwó, ó kan òrùlé tuntun sí ilé ìyá rẹ̀, bí àwọn ará àdúgbò bá sì ti ń yìn ín, gbólóhùn kan náà ni Ìyá ń fi dá wọn lóhùn. Ó dun Jẹ̀lílì. Ó rò pé bóyá òun kò tíì ṣe tó. Nígbà tó ra ọkọ̀ yìí, kò sí ohun méjì tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju pé kí Ìyá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kí ilẹ̀kùn yẹn tì bó ṣe máa ń tì, kí Ìyá wá mọ̀ pé òun ti ṣe tó.

Àǹfààní rẹ̀ sì dé lọ́dún yìí. Nǹkan funfun kan bo ojú ọ̀tún Ìyá bí omi ògì, wọ́n sì ní ilé ìwòsàn ojú kan wà ní Yábàá tí wọ́n ti lè bá a mú un kúrò. Jẹ̀lílì pè é lórí fóònù pé òun ń bọ̀ wá gbé e. Ìyá ní rárá. Ó ní ṣé ọkọ̀ tí òun ń gbọ́ tí Jẹ̀lílì ń bú lórí fóònù láti ọjọ́ yìí náà ni? Òun kò wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ èrò ló wọ̀ wá, ó tún wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti gáréèjì dé Ìpọ̀nrí, tòun ti gààrí àti adìyẹ méjì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ rí dókítà, Márúwá náà ni Ìyá wọ̀. Jẹ̀lílì kò lè fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, kò sì lè fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ló bá ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé Márúwá náà láti Ìpọ̀nrí títí dé Yábàá. Gbogbo ẹni tó rí wọn lọ́nà rò pé Márúwá náà ló kọ lù ú, tó sì ń sá lọ.

Dókítà náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìrètí, yẹ ojú Ìyá wò, ó sì dá ọjọ́ fún wọn. Ó ní bí àwọn bá ti ṣe iṣẹ́ ojú náà tán, kò gbọdọ̀ sí eruku, kò sì gbọdọ̀ sí jìgìjìgì, nítorí náà kí wọ́n má gbé Márúwá wá. Ṣé ọkọ̀ wà nílé? Ìyá ní kò sí. Jẹ̀lílì wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Shakirat ló mú àbá wá pé kí àwọn pe takisí lọ́jọ́ náà. Ìyá gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tó dun Jẹ̀lílì jù nìyí. Ó fara mọ́ Márúwá, nítorí Márúwá kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Àmọ́ kí ìyá tó bí i wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ síbi iṣẹ́ abẹ, kí ọkọ̀ tirẹ̀ máa wò ó lọ láti ẹnu géètì, kò mọ bí òun yóò ṣe gbé ìyẹn mì.

Ó wọlé tọ Ìyá lọ ní ìrọ̀lẹ́, ó rọra sọ fún un pé ọkọ̀ náà dáa. Ìyá ní, "Nínú yàrá lo ti ń sọ ìyẹn. Èyí tí o ń sọ níta ni mo gbọ́."

Jẹ̀lílì wá ronú pé ẹlẹ́rìí lòun nílò, ó sì ranṣẹ́ pe Quadri, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Mushin. Ó gbàgbé pé òun fúnra òun ló ti bẹ Quadri pé ẹnikẹ́ni tó bá bi í nípa ọkọ̀ yìí, kó máa bú u. Olóòótọ́ èèyàn sì ni Quadri, kì í yẹ àdéhùn. Ìyá béèrè bí ọkọ̀ náà ṣe rí. Quadri wo Jẹ̀lílì, Jẹ̀lílì ṣẹ́jú sí i, Quadri sì rò pé òun mọ ohun tó ń wí. Ó mi orí pẹ̀lú ìbànújẹ́. "Màmá, ẹ jẹ́ n sòótọ́ fún yín. Ọkọ̀ yẹn, àdúrà ló ń gbé e." Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí ọmọ Mushin tí kò lè purọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Gbogbo ará ilé ló wà nídìí ẹ̀rọ omi, Ọláṣẹ́gun wà láàárín wọn, pákò lẹ́nu. Takisí dé. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún Ìyá. Ilẹ̀kùn náà kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó han gooro bí ewúrẹ́ tí wọ́n fa etí rẹ̀. Awakọ̀ ní kí wọ́n má bẹ̀rù, tí Ìyá bá ti wọlé, òun yóò gbá a lẹ́ẹ̀mejì, á tì.

Jẹ̀lílì gbọ́ ilẹ̀kùn yẹn, kò sì lè fara dà á mọ́.

"Ìyá, ẹ dúró," ni ó wí. Ó yíjú sí àwọn ará ilé. "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́. Irọ́ ni mò ń pa mọ́ ọkọ̀ yìí láti ọjọ́ yìí. Kò gbóná rí. Epo tó ń mu ò tó èyí tí jẹnẹrétọ̀ mi ń mu. Ó ń sáré, ara rẹ̀ balẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀ sì dáa ju gbogbo ilẹ̀kùn tí mo ti ṣe láyé mi lọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Torí kí ìyá mi lè jókòó síwájú ẹ̀ ni mo ṣe rà á."

Omi ń dà nù nídìí ẹ̀rọ. Ọláṣẹ́gun yọ pákò lẹ́nu. Shakirat wo ọkọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi í pé táyà tó máa ń lọ fẹ́ ní ọjọ́ Àìkú ńkọ́. Jẹ̀lílì ti ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò rẹ̀.

Ìyá gbé báàgì rẹ̀ kúrò nínú takisí. Ó lọ síbi ọkọ̀ aláwọ̀ eérú náà, ó jókòó síwájú, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó ṣí i, ó tún tì í.

Wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n gun orí afárá, tí Jẹ̀lílì tẹ iná díẹ̀, Ìyá yí orí.

"Kí ló ń súfèé un?"

Jẹ̀lílì ní tọ́bò ni, pé iṣẹ́ ẹwìrì ló ń ṣe. Ìyá wo iwájú. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, Jẹ̀lílì ṣì ń rántí ohun tó sọ tẹ̀ lé e, nítorí ohùn ọmọdé ló fi sọ ọ́.

"Tún ṣe é."

Ó sì tún ṣe é.

Ọ̀sán ni wọ́n padà dé, aṣọ funfun wà lójú ọ̀tún Ìyá, iṣẹ́ náà sì ti yọrí sí rere. Àwọn ará ilé jáde wá kí i. Ọláṣẹ́gun ló ṣíwájú wọn, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó ní òun bá Ìyá dúpẹ́. Ó ní bóyá Ẹ̀gbọ́n lè yọ̀ǹda ọkọ̀ fún òun ní ọjọ́ Sátidé, ìrìn díẹ̀ ni, Ìkòròdú náà ni. Ohun tí Jẹ̀lílì fi ọdún mẹ́ta bò mọ́lẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló fi tú u ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sì sí irọ́ tó kù tó lè pa.

Ìyá mí kanlẹ̀.

"Ọkọ̀ wo?" ni ó wí. "Ọkọ̀ tó mì mí bí ẹni ń ku èlùbọ́? Nígbà tá a dé orí afárá, ńṣe ló ń súfèé bí ẹni ikọ́ ń bá jà. Torí kójú má ba à tì mí lọmọ yìí ṣe sọ gbogbo ohun tó sọ láàárọ̀."

Ọláṣẹ́gun béèrè bóyá ó ṣì lè dé Ìkòròdú. Ìyá rò ó wò dáadáa, nítorí kì í fẹ́ purọ́ mọ́ nǹkan. "Ó lè débẹ̀," ni ó wí. "Bíbọ̀ rẹ̀ ni mi ò mọ̀."

Ọláṣẹ́gun rántí pé ìrìn Sátidé náà kò fi bẹ́ẹ̀ kánjú. Ẹlòmíràn láàárín wọn wá ní, kí ọkọ̀ dáa, kó má dáa, Ìyá ṣáà bí ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá gbọ́, ó sì dì mọ́ ọrùn ọwọ́ Jẹ̀lílì gírígírí, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyẹn?" ni ó wí. "À ń fara dà á náà ni."

Gbólóhùn kan náà ni, láti ọ̀ọ̀dẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ títí di òní. Jẹ̀lílì wo ọwọ́ tó dì í mú, ó wo ọkọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Nígbà tí Ìyá fi í sílẹ̀ láti wọlé, ó mú àkísà, ó lọ síbi ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì iwájú. Gíláàsì náà ti mọ́ tẹ́lẹ̀.