Ìwọ̀n Ìtọ̀ Ọmọ Mi

Ìtọ̀ tó wà nínú àpò tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà dúdú bí omi tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Ogún mílì péré ni láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, kò kún ṣíbí ọbẹ̀ méjì. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ni ín. Ibà líle ló gbé e láti ilé wa ní Jikwoyi dé yàrá àwọn tí àìsàn wọn le koko ní ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ fún mi pé kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Aránṣọ ni mí. N kì í fi ìdajì íǹṣì ṣeré. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kọ́ mi bí a ṣe ń ka ìlà ara àpò, mo ra ìwé kékeré, mo ń kọ iye rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ń kọ tirẹ̀. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ tún ti ń wọn ìtọ̀ mi. Ṣé ẹ fẹ́ fi rán gáùn ni?”

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí ń fa ìtọ̀ jáde. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ó ti di ọ̀ọ́dúnrún mílì, àwọ̀ rẹ̀ sì ti mọ́. Mo pe àwọn ìyá ìjọ wa pé kí wọ́n bá mi dúpẹ́. Nítorí náà, nígbà tí dókítà gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, iye tí mo kọ ni mo fi hàn án. Ẹ̀rù ẹ̀rọ náà ń bà mí. Wọ́n gbé aládùúgbò wa kan sórí rẹ̀ rí, kò padà wálé.

Dókítà ní, “Ìyá, omi ni abẹ́rẹ́ yẹn ń fà jáde. Ìdọ̀tí ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín kò tíì jí.”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká wò ó di ọ̀la.”

Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ, ṣùgbọ́n ẹfà tí mo kà ti tó mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìtọ̀ ṣì ń wá, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò dá mi mọ̀ mọ́. Mo fọwọ́ sí ìwé lórí ìdúró. Wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kẹta, ó kú.

Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé òun kò lè búra pé ọjọ́ kan yẹn ni ì bá gbà á là. Ó lè jẹ́ òtítọ́, ó sì lè jẹ́ àánú. Títí dòní, bí ibà bá mú àbúrò ọmọ mi tó kú náà, mo máa ń bi dókítà ohun tí àyẹ̀wò kò sọ fún wa, mo sì máa ń bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ náà á fà mí láṣọ pé ojú ń ti òun. Mo ń jẹ́ kí ojú tì í.