Ìṣáná Nínú Ọ́fíìsì Ọ̀gá

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́rin, kò sí ohun tí mo fẹ́ tó pé kí wọ́n gbà á sí ilé-ìwé jéléósinmi kan ní Bódìjà. Agbowó là ń gbé. Mo jáde ilé-ìwé girama, mo sì mọ sípẹ́lì dáadáa, àmọ́ tó bá di Òyìnbó sísọ, ẹnu mi ló máa ń dójú tì mí. Ọ̀rọ̀ tó bá ní H, n óò gbé H mì. Èyí tí kò ní, n óò fi kún un. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, báwo ni kí n ti ṣe é?

Mi ò fẹ́ kó ran ọmọ. Mo wá rántí ọgbọ́n tí tíṣà wa kan fi kọ́ wa: ṣá ìṣáná síwájú ẹnu, kí o pe “hen”. Iná gbọ́dọ̀ kú. Pe “egg”, iná ò gbọdọ̀ mira. Bí a bá jẹun ọ̀sán tán, èmi àti ọmọ á jókòó sẹ́yìnkùlé, a ó máa ṣáná.

Bàbá ẹ̀ ní, “Ṣé ẹ fẹ́ jólé onílé ni?”

Mo ní, “Ìwọ pe ‘hospital’ kí n gbọ́.”

Ó bá tiẹ̀ lọ.

Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba nígbà náà, wọ́n ní níbi gbogbo kí èèyàn máa tò; lọ́jọ́ tí a lọ ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé, orí ìlà la tò sí títí ó fi kàn wá. Ọ̀gá ilé-ìwé, ìyá àgbà kan tó wọ awò ojú, gbé àwòrán adìyẹ síwájú ọmọ mi. Ó ní kó pe orúkọ adìyẹ náà lédè Òyìnbó. Ọmọ dákẹ́. Ó tún bi í. Ọmọ ń wò mí ṣáá.

“Màámi, ẹ ò tíì ṣáná.”

Ọ̀gá ní, “Iná wo?”

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Mo ti gbà pé ó parí. Àfi bí ìyá yìí ṣe fa dúrọ́ọ̀ tó mú ìṣáná jáde. “Ẹ ṣá a.” Méjì dá mọ́ mi lọ́wọ́ kí ẹ̀kẹta tó ràn.

Ọmọ ní, “Hen!” Fúù, iná kú. Mo ṣá òmíràn. “Egg.” Iná dúró gbọnyin.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. Ló bá gba ìṣáná, òun náà ṣá a, ó pe “egg”.

Iná kú.

Mo yáa wojú òrùlé. Ọmọ mi ní tiẹ̀ sọ pé, “Ó kú, mà. Ẹ tún un pè.”

Ọ̀gá mú bírò, ó kọ orúkọ ọmọ mi sínú ìwé. “Ọmọ yìí ti wọlé. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí, ká fi síbí o.”

Mo ṣèlérí. Ọmọ mi ò ṣèlérí ní tiẹ̀. Kí takisí wa tó dé Agbowó, dírẹ́bà ti gbọ́ gbogbo ẹ̀.