Sódà Méjì Inú Agbo Ilé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kékeré náà kọ́ jàre, irùngbọ̀n ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ lágbọ̀n mi, èmi àti ọmọ bàbá mi kan kì í fojú rere wo ara wa. Ìyá tiẹ̀ ni ìyàwó kejì. Ìyá tèmi ń rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú níbí, èmi ni mo ń bá a po aró. Mi ò lọ sílé ìwé. Òun lọ. Ìwọ tó ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má bu ẹwà kún un.

Ìyá mi máa ń sọ pé, "Ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn wá, wò ó lẹ́ẹ̀mejì." Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Rédíò ni mo fẹ́ràn. Mo ra òkú rédíò kan ní Láfẹ́nwá, mo tú u, mo yọ pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀, pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n to gbogbo nǹkan inú ẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ wọn ti ń tú. Irin gbígbóná lèèyàn á fi yọ́ òjé sí ìdí wọn, kó lè dì wọ́n mú. Òjé ni mò ń pè é, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní orúkọ míì. Tèmi kàn ń ṣù jọ bí ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni, kì í gbá nǹkan mú.

Bàbá wá sọ ọ́ lójú gbogbo ilé: bí pánẹ́ẹ̀lì yẹn bá sọ̀rọ̀ kí oṣù tó parí, òun á mú mi lọ bá ọ̀gá kan ní Kuto, kí n kọ́ṣẹ́ rédíò. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ìdí ìkòkò aró ni títí ayé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ bàbá mi ti ilé ìwé dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo iṣẹ́ mi.

"Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Sódà ibí yìí kéré. Ẹ fi sódà kún un."

Mo ní, "Sódà?"

"Sódà náà ni. Tíṣà wa fi hàn wá."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn. Àmọ́ oṣù ti ń parí lọ, òun ló sì mọ̀wé. Mo lọ bu sódà ìyá mi, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ aró, tó máa ń jó ọwọ́ bí iná. Mi ò mọ òmíràn láyé mi. Mo pò ó mọ́ omi, mo kán an sí i. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, gbogbo ẹ̀ ti funfun, ẹsẹ̀ méjì já sí mi lọ́wọ́.

Ìyá mi figbe ta. "Ṣé mo wí, àbí n ò wí?" Bàbá gbé Kùránì síwájú ọmọ náà, ó ní kó búra.

Ó búra. "Wàláì, sódà ni mo ní kí wọ́n fi sí i."

Mo fò sókè. "Ẹ gbọ́ o! Ó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́!"

Bàbá ní kó kó ẹrù ẹ̀, kó máa lọ bá àwọn ẹbí ìyá ẹ̀ l'Ékòó.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo mú pánẹ́ẹ̀lì náà tọ ọ̀gá yẹn lọ ní Kuto, bóyá ó ṣì lè là. Ó fọwọ́ kàn án, ó yára nu ìka mọ́ ṣòkòtò.

"Kí lo dà sí i?"

"Sódà ni, sà."

Ó gbé òjé tó wé jọ bí okùn sókè. "Sódà nìyí! Ta ló ní kó o lọ bu sódà aláró?" Ló bá pe àwọn ará ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: "Ẹ wá wo ọmọ aláró tó fẹ́ rẹ rédíò láró!"

Mi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo sáré lọ sí gáréèjì. Ọmọ bàbá mi ti jókòó sínú ọkọ̀ Èkó, àpótí ẹ̀ wà lórí itan ẹ̀. Mo dúró létí fèrèsé.

Mo ní, "Sódà méjì ló wà."

Ó wò mí. "Bọ̀dá, mo ti búra tán kẹ́ ẹ tó mọ̀."

Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ̀. Mo délé, mo sọ fún bàbá. Kò dárúkọ Kuto fún mi mọ́, aró ni mo fi jẹun títí mo fi darúgbó.

Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Inú ilé aláró la ti tọ́ òun náà dàgbà. Ṣé kò mọ sódà tí mo mọ̀ ni? Mi ò bi í. Mi ò tíì bi í di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ayé ti yí. Agbo ilé yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ orogún ò gbé pọ̀ mọ́, oníkálukú ló ní géètì tiẹ̀, rédíò sì wà nínú fóònù ẹ̀yin ọmọ òde òní. Ẹ ní ẹ kì í fura síra yín bíi tiwa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rí yín ṣá, tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ kan náà lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹ ń wá èyí tó burú nínú ẹ̀.

Ọmọ bàbá mi náà ti darúgbó. Ó máa ń wá lọ́dún Iléyá, a sì máa ń kí ara wa dáadáa. Bí mo bá gbé ẹran síwájú ẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mú, kó rí i pé mo jẹ ẹ́. Kò ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kò sì ní kí n má ṣe é.