Ohun Tí Daddy Rí Látorí Ilé Ìṣọ́ Iná

Ẹ má bi mí pé kí ni mò ń mú arúgbó gun òkè ṣe. Èmi gan-an ti bi ara mi títí, mi ò rí èsì.

Adéníran lorúkọ bàbá mi. Kí wọ́n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìkòsì, iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣe: àwọn ló ń ṣọ́ iná igbó. Ilé ìṣọ́ kan wà lórí òkè tó wà lẹ́yìn abúlé wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn òyìnbó ló kọ́ ọ kí wọ́n tó bí Daddy. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá ti rí èéfín níbikíbi, wọ́n á lu agogo. Ojú wọn mú jù! Bá a bá jí iṣu sun nínú oko olóko, wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó délé.

Iná yìí kan náà ló pa Jayé, àbúrò mi. Wẹ́dà ni, irin ló ń jó. Sílíńdà gáàsì bú gbàmù nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó parí nìyẹn. Ẹ mọ àṣà wa: òbí kì í rí sàréè ọmọ. Abúlé la sin ín sí, Daddy wà ní Ìkòsì lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wọn kẹ́dùn. Látìgbà náà, tí mo bá ti gbé ògì síwájú wọn láàárọ̀, ìbéèrè kan náà ni.

"Kúnbi, ibo lẹ gbé e sí?"

"Daddy, ẹ mu ògì yín kó má tutù."

Ó sú mi! Mo máa ń jágbe nígbà míì.

Nígbà tí wọ́n wá ní ó wu àwọn láti tún gun òkè iṣẹ́ àwọn kí àwọn tó kú, inú mi dùn ṣìnkìn. Mo pe Adédiwúrà, ìyàwó Jayé. Ó ní, "Aunty Kúnbi, ẹ ṣọ́ra o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọ̀nà òkè ò gba ibi sàréè kọjá. Ọ̀nà ni mo rò, mi ò ro ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ ilé ìṣọ́. Ọ̀dẹ̀ ni mí!

Ó pẹ́ ká tó gòkè. Òkúta ń yọ̀, orúnkún ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí n dì wọ́n mú. Àtẹ̀gùn irin ti dípẹtà, Daddy ń gùn ún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Lókè, wọ́n wọ̀tún, wọ́n wòsì, bí ìgbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Ojú wọn bá dúró síbì kan.

Èmi náà wò ó. Yéè! Adédiwúrà ló ní koríko ò ní bo ọkọ òun mọ́lẹ̀, ló bá fi táìsì funfun bo sàréè náà látòkè délẹ̀. Oòrùn bọ́ sí i láàárín oko ẹ̀gẹ́, ó ń kọ mànà.

"Kúnbi, kí nìyẹn?"

"Tánkì omi ni, Daddy. Àwọn ará abúlé ló ṣe é."

Wọ́n tún wò ó dáadáa.

"Tánkì omi wá gbé àgbélébùú lérí?"

Wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ṣọ́ iná fún gbogbo ìlú. Kò sẹ́ni tó bá mi ṣọ́ ọ fún ọmọ mi." Mo bú sẹ́kún. Wọn ò sunkún. Nígbà tá a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, àwọn fúnra wọn ló na ọwọ́ sí mi pé kí n di àwọn mú.

Ohun tójú ń wá lojú ń rí. A ti padà sí Ìkòsì. Mo ṣì ń gbé ògì síwájú wọn láràárọ̀, mo sì máa ń dúró díẹ̀, bóyá wọ́n á bi mí. Wọn kì í bi mí mọ́. Ògì á tutù, màá gbé e kúrò.