Ẹni Tí Ń Tanná Àdúgbò Wa

Ní àdúgbò wa ní Ọ̀fin, Ṣàgámù, ìyá bàbá mi ló ń yan ọmọ tí yóò tanná ọdún. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ilé kọ̀ọ̀kan yóò kó ohun gbígbẹ jáde sí ojúde: ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi àlòkù, táyà tó ti jẹ tán. Ilé tiwa ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, nítorí oníṣòwò obì ni bàbá mi, agbọ̀n tó ti ya kì í sì wọ́n lẹ́yìnkùlé wa. Èmi ni mo máa ń ru àwọn agbọ̀n náà jáde. Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹni tó ru ú tanná sí i.

Ìyá àgbà kò rò bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní ilé tó kọjú sí tiwa, ẹgbẹ́ mi ni. Láti Ìpara ni wọ́n ti mú un wá sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Òun ni ìyá àgbà máa ń pè ní ọdọọdún. Yóò gba ìṣáná, yóò bẹ̀rẹ̀, kò sì ní sá sẹ́yìn bí iná bá sọ. Bí àwọn ọmọkùnrin bá ti ń yin báńgà, òun yóò so kànhìnkànhìn onírin mọ́ wáyà, yóò ti iná bọ̀ ọ́, yóò máa fì í yípo lókè orí rẹ̀, iná á sì máa ta pàrà ká gbogbo ojúde. Àwọn èèyàn á máa pàtẹ́wọ́. Èmi kì í pàtẹ́wọ́ ní tèmi. Ìyá àgbà tó ń rẹ́rìn-ín sí i ni mò ń wò.

Lọ́dún kan, mo bi wọ́n nígbà tí mò ń bá wọn ká ẹní.

"Ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹ kì í pè mí?"

Wọ́n ní, "Ìwọ ní bàbá, o ní ìyá, o tún ní èmi. Kí ni òun ní?"

"Ṣé èmi ni mo pa ìyá rẹ̀ ni?"

Wọ́n gba ẹní lọ́wọ́ mi, wọ́n wọlé.

Ìyá àgbà ti kú tipẹ́. Mo lọ́kọ, mo kó lọ sí ẹ̀bá ìkòríta ọ̀nà márosẹ̀. Ọmọ Ìpara yẹn kò kúrò ní Ọ̀fin ní tiẹ̀, iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe. Nígbà tí ọdún tó kọjá ń parí, mo mú ọmọbìnrin mi lọ wo iná ní Ọ̀fin. Mo ra báńgà aláwọ̀ mèremère, èyí tó ń fò lọ sókè tó ń tú ká bí òdòdó. Ọmọ mi wo méjì, ó wo mẹ́ta, ó yíjú.

"Mọ́mì, kí ni àǹtí yẹn ń fì?"

Kí n tó dáhùn, ó ti sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo dúró ti báńgà mi. Nígbà tó yá, aránṣọ náà fà á lọ́wọ́ wá bá mi, òógùn bo ojú rẹ̀.

"Ọmọ ẹ ò bẹ̀rù rárá," ló wí. "Ìyá àgbà ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́la ni mo fẹ́ tún ro koríko ibojì wọn. Ṣé wàá bá mi ṣe é?"

Ẹ̀yìn ilé bàbá mi ni ibojì yẹn wà. N kò mọ̀ pé ẹnì kan ń ro ó.

Èmi àti ọmọ mi lọ lọ́jọ́ kejì. Aránṣọ náà kúnlẹ̀ níwájú ibojì, ó kí wọn, ó sì fi orúkọ kan pè wọ́n tí n kò gbọ́ rí.

"Orúkọ ta nìyẹn?"

"Tiwọn. Orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n. Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

Inú bí mi bí ẹni pé ọmọdé ni mí síbẹ̀. Mo ní kó tún un pè. Ó tún un pè jẹ́jẹ́, ọmọ mi ló sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n pè nínú àwa méjèèjì.