Bí Mo Ṣe Gba Owó Ẹ̀rọ Fọlákẹ́ Padà

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni nọ́ńbà ọkùnrin tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún wa dákẹ́. Mo pè é títí, obìnrin inú fóònù kàn ń sọ fún mi ṣáá pé ẹni tí mò ń pè ti pa tirẹ̀. Fọlákẹ́, ọmọ iṣẹ́ mi, jókòó sídìí wífìn, ẹ̀rọ tí à ń fi rán etí aṣọ kó má baà tú, ṣùgbọ́n kò rán nǹkan kan. Ó ń wò mí. Owó bàbá rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹni tó pa fóònù yẹn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà, owó ẹ̀rọ tí ọmọ náà fẹ́ fi gba fíríìdọ́ọ̀mù.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ aránṣọ ní Arakale, ní Àkúrẹ́. Ọmọ Oǹdó ni mí, ọkọ ló gbé mi débí. Lọ́dọ̀ tiwa, kí ọmọ iṣẹ́ tó gba òmìnira, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ nídìí aṣọ, ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Òbí ló ń sanwó ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá ló ń bá wọn yàn án, torí ẹni tó mọ àdá lè má mọ ẹ̀rọ. Ọ̀gá á mú àjákù aṣọ méjì dání láti ilé, ọ̀kan fẹ́lẹ́, ọ̀kan nípọn. Á jókòó sídìí ẹ̀rọ náà níwájú ẹni tó ń tà á, á rán méjèèjì, á yí ẹ̀yìn wọn wò. Bí òwú ìsàlẹ̀ bá ń ṣe wúruwùru, a kì í sanwó.

Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ọjà, máa ń sọ pé, "Ẹ̀rọ tí o ò bá tíì fẹsẹ̀ tẹ̀, àwòrán ni." Ó ti gbá mi létí rí torí pé mo yin ẹ̀rọ kan kí n tó jókòó sídìí rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́tàlá ni mo ti bá ra ẹ̀rọ lọ́nà yìí ní Ọjà Ọba, kò sí èyí tó dójú tì mí.

Ìlú Ìjù, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ni bàbá Fọlákẹ́ ti ń dáko. Nígbà tó ta kòkó ọdún yẹn tán, ó gbé owó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nínú àpò ìrẹsì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà.

"Ọ̀gá, uṣẹ́ ọmọ mi dọwọ́ yín o," ó wí. "Èmi ò mọ ẹ̀rọ. Èyí tẹ́ ẹ bá ti rà, mo fara mọ́ ọn."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," mo dá a lóhùn.

Ohun tí mi ò fẹ́ kọ rè é, àmọ́ bí mi ò bá kọ ọ́, irọ́ ni gbogbo ìyókù. Ní Ọjà Ọba, irinwó ẹgbẹ̀rún gbáko ni ẹ̀rọ oníná tí Fọlákẹ́ nílò, pẹ̀lú tábìlì rẹ̀. Lórí fóònù, mo rí ẹni tó ń ta irú rẹ̀ ní ọ̀ọ́dúnrún. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ń jò. Mo ti ń fi ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún tó máa ṣẹ́ kù ra páánù lọ́kàn mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé owó ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ wo? Àga ni mo jókòó sí.

Mo pe ọkùnrin náà. Ẹnu Oǹdó ló fi dá mi lóhùn. "Ìyè mi," ló ń pè mí, bí a ṣe ń pe ìyá ẹni nílé. Ó béèrè àdúgbò wa, mo sọ, ó ní ẹ̀yìn ilé wa ni bàbá àgbà òun ń gbé. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́ ẹnu Àkúrẹ́ láàárọ̀ lálẹ́, bó bá gbọ́ ẹnu ilé rẹ̀ lójijì, gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń rọ̀. Ó fi fídíò ránṣẹ́, ẹ̀rọ náà ń rán aṣọ geere. Ó ní Oǹdó ni ẹ̀rọ náà wà, pé bí owó bá ti wọlé, ó máa dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ kejì.

Fọlákẹ́ yọjú wo fóònù náà láti ẹ̀yìn mi. "Ọ̀gá, ṣé ká kúkú lọ sí Oǹdó, ká lọ rán nǹkan lórí rẹ̀?"

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó dáa. Lọ jókòó."

Mọ́tò Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò ju bíi wákàtí kan lọ. Mi ò wọ̀ ọ́. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí àkáǹtì tó fún mi, ó ní àbúrò òun obìnrin ni, mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì fi owó olówó ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kan kí nọ́ńbà rẹ̀ tó dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wà ní báǹkì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún un tẹ̀. "Mà, wọ́n ti kó o. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó wọlé tí wọ́n ti kó o." Ó ní kí n lọ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo ra bébà tí wọ́n fi kọ ẹjọ́ mi, mo ra bíírò, mo ra epo mọ́tò. Bí mo ṣe ń wá owó tó sọnù ni mo ń sọ òmíràn nù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀, bí bàbá Fọlákẹ́ bá sì pè, màá ní ẹ̀rọ ń bọ̀ láti Èkó. Fọlákẹ́ á tẹrí ba sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sọ fún bàbá rẹ̀, kò sì bá mi purọ́ náà.

Nígbà tí báǹkì fi àdírẹ́sì ẹni tó ni àkáǹtì náà sílẹ̀, èmi àti sájẹ́ńtì kan gba Oǹdó lọ. Mo ti ń ro èébú tí màá bú olè náà. Ilé tí wọ́n júwe fún wa, obìnrin opó kan la bá níwájú rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà páánù, ó ń fi ẹ̀rọ lọ ata fún àwọn ará àdúgbò. Ata dé ìgúnpá rẹ̀. Bó ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá, ó pa ẹ̀rọ.

"Ta ló ń jẹ́ Tèmítọ́pẹ́ níbí?" ni sájẹ́ńtì bi í.

"Ọma mi ni. Kí ló ṣe?"

Tọ́pẹ́, ọmọbìnrin náà, jáde wá, ìdajì irun orí rẹ̀ ni wọ́n tíì dì. Kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Kò pẹ́ tó fi jẹ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó pàdé lórí fóònù ló sọ fún un pé àkáǹtì òun ní ìṣòro, kó yá òun ní tirẹ̀ pẹ̀lú káàdì tí wọ́n fi ń gbowó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló fún un. Kò mọ ilé rẹ̀, orúkọ tó ń jẹ́ gan-an kò dá a lójú, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lọ mọ́.

"Mo rò pé ó fẹ́ràn mi ni," ló wí.

Wọ́n gbé e wá sí Àkúrẹ́, wọ́n tì í mọ́lé. Ìyá rẹ̀ wọ mọ́tò tẹ̀ lé wa, kò dúró fọ ata ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń kúnlẹ̀ níwájú mi lórí sìmẹ́ǹtì àgọ́ náà.

"Ẹ gba ìdajì, ẹ jẹ́ n máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe tàn yín ni wọ́n ṣe tan ọmọ mi náà."

"Ẹni gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀," mo dá a lóhùn.

"Ó gbà á sílẹ̀ lóòótọ́. Kò mọ̀ pé epo olè ni."

Sájẹ́ńtì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ẹ̀yin lẹ pẹjọ́. Bẹ́ ẹ bá ní ká fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ parí." Mo fẹ́ rọ̀ díẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún, bàbá Fọlákẹ́ ni. "Ọ̀gá, mo ti dá ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù fún àwọn ẹbí o. Ẹ̀rọ ti dé àbí?" Mo ní yóò dé lọ́sẹ̀ yìí. Mo padà bá obìnrin náà, mo ní, "Gbogbo rẹ̀ ni màá gbà, tàbí kí ọmọ yín máa sùn síbí."

Lọ́jọ́ kẹrin, ó kó gbogbo rẹ̀ wá, ó dì í sínú ìborùn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri àgọ́ náà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, abẹ́ ìkọ̀wé yẹn gan-an ló ti san owó béèlì. Tọ́pẹ́ jáde, ó ń fi ọwọ́ bo irun rẹ̀ tí wọn ò dì parí. Mo ka owó mi, ó pé. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́, àní mo kọrin nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi lọ sílé.

Mo sọ fún bàbá Fọlákẹ́ pé ẹ̀rọ ti Èkó kò wá mọ́, a sì jọ lọ sí Ọjà Ọba, mo jókòó, mo fi àjákù aṣọ méjèèjì dán ẹ̀rọ náà wò, a sanwó. Irinwó ṣì ni. Òrùlé mi ń jò síbẹ̀. Lọ́jọ́ fíríìdọ́ọ̀mù, Fọlákẹ́ kúnlẹ̀, mo gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, mo gbàdúrà fún un. Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo ẹbí. "Ọ̀gá, ẹ ò jẹ́ kójú tì mí." Mo ṣe àmín.

Nígbà tí èrò túká, Fọlákẹ́ ń kó àga, ó ní, "Ọ̀gá, níbo ni ìyá Tọ́pẹ́ yẹn ti rówó?"

"Mi ò mọ̀," mo wí. Òótọ́ ni, mi ò béèrè.

Ìbéèrè yẹn kò kúrò létí mi. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ìsìnkú gbé mi dé Oǹdó, mo sì ní kí ọlọ́kadà gba àdúgbò opó náà kọjá. Àtíbàbà wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta kò sí. Ìpìlẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n dè é mọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù, pẹ̀lú irin bóòtù mẹ́rin tó ti dípẹtà. Obìnrin náà jókòó tì í, ó ń ṣa ata sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ata tí yóò rù lọ fún ẹlòmíràn láti lọ̀. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀rọ yín ńkọ́?" Bóyá ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí i, n kò rántí.

"Òun ni mo kó fún yín," ló wí. Kò pariwo. "Kò tó. Mo ta firísà kún un."

Mo ní kó jẹ́ kí Tọ́pẹ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, pé mi ò ní gba kọ́bọ̀, pé bó bá parí, èmi fúnra mi ni màá ra ẹ̀rọ fún un. Mò ń sọ ọ́ ní kíákíá bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ já sílẹ̀.

"Tọ́pẹ́ ti lọ sí Èkó. Ó ń bá wọn fọṣọ. Ojú ń tì í láti gbé ìlú yìí."

Mo tú owó tó wà nínú báàgì mi sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wò ó. Ó ṣa ata tó kù, ó dìde, ó sì ní, "Ẹ kó o. Ẹ̀yin kọ́ lẹ lu ọmọ mi ní jìbìtì, mo mọ̀. Àmọ́ ẹni tó lù ú, mi ò rí i rí. Ojú yín nìkan ni mo mọ̀."

Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rù, ó sì lọ lọ ata.